Ẹni Tó Wọ̀n Ọ́n Ló Mọ̀ Ọ́n: Ìtàn Ọkọ̀ Kékeré, Láti Orí Mọ́tò Agolo Dé Lẹ́kkí

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí èbúté omi jíjìn Lẹ́kkí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ìpínlẹ̀ Èkó. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin ọdún náà, iṣẹ́ òwò ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Omi rẹ̀ jìn tó mítà 16.5, nítorí náà àwọn ọkọ̀ ojú omi tó tóbi ju èyí tí Àpápá lè gbà lọ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àgbègbè kan náà ni Lẹ́kkí Free Zone wà, ẹkùn ìṣòwò tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 2006. Òfin irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀yà ẹ̀rọ lè wọ ibẹ̀ láìsan owó ibodè, kí àwọn òṣìṣẹ́ tò ó pọ̀, ìgbà tí ọjà náà bá kọjá wọ inú Nàìjíríà gan-an ni aṣọ́bodè yóò tó béèrè owó.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ Lẹ́kkí bá délẹ̀, ọ̀rọ̀ àpótí ni. Ìrètí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹ̀yà ọkọ̀ yóò wà lára ohun tí àwọn àpótí náà ń gbé wọlé, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tò ó pọ̀ di ọkọ̀ tí ń rìn. Ìrètí yìí kì í ṣe tuntun. Ó kéré tán, láti ọdún 1975 ni Nàìjíríà ti ń gba àpótí ẹ̀yà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àpótí ńlá yìí ní ìbátan kan tí àwọn olóṣèlú kì í mẹ́nu bà: páálí kékeré tí tọmọdé tàgbà ń rà ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan, tí wọ́n ń fi ike inú rẹ̀ kan ọkọ̀ tó gba orí àtẹ́lẹwọ́. Ìtàn ọkọ̀ kékeré yìí, nílé àti lẹ́yìn odi, ló lè sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìtàn ọkọ̀ ńlá.

Ìwọ̀n ni olórí iṣẹ́

Kíkan ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí nǹkan ṣáà ti jọ ọkọ̀. Oníṣẹ́ a mú ìwọ̀n kan, a sì dì í mú dé òpin. Ọ̀kan lára àwọn ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ ni 1/24: ohunkóhun tó bá wà lára ọkọ̀ ńlá, ìdá kan nínú 24 rẹ̀ ni yóò wà lára ọkọ̀ kékeré. Inú ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìwọ̀n yìí ti wá, nítorí pé ààbọ̀ íǹṣì ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sílé. Ẹ wo Volkswagen tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2,400. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 24, mílímítà 100 géérégé ni yóò jẹ́. Ẹ wá wo Volkswagen akérò, èyí tó di dáńfó ní Èkó. Kò jọ Ìjàpá rárá: ọ̀kan rí bí ìkarahun, èkejì rí bí búrẹ́dì. Síbẹ̀, lára ìran àkọ́kọ́ àti ìran kejì ọkọ̀ akérò náà, mílímítà 2,400 kan náà ló wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Kì í ṣe kòńgẹ́. Ẹ̀rọ Ìjàpá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ akérò náà, lẹ́yìn àwòrán tí Ben Pon, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi pẹ́ńsù yà ní ọdún 1947. Ọdún 1950 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà. Ẹni tó jókòó sínú dáńfó láti Ajah dé Ọbáléndé lójoojúmọ́ lè má rí ìbátan yìí títí ayé. Ẹni tó bá gbé ìwọ̀n lé e ló máa rí i.

Ìwọ̀n a tún máa kọ́ oníṣẹ́ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Páànù ara ọkọ̀ ńlá kì í sábà nípọn ju mílímítà kan lọ. Ìdá kan nínú 24 rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 20 mílímítà, ike inú páálí kò sì lè fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láé. Nítorí náà, ọ̀jáfáfá oníṣẹ́ a máa fá etí ilẹ̀kùn àti etí fèrèsé títí ojú yóò fi gbà pé páànù ni. Ibi tí òótọ́ bá ti ṣe é ṣe, yóò ṣe òótọ́. Ibi tí kò bá ti ṣe é ṣe, yóò tan ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ òótọ́ kò lè mọ ibi tó yẹ kí ó ti tan ojú.

Ẹ̀ka kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kitbashing. Ohun tó túmọ̀ sí ni kí ènìyàn mú ẹ̀yà láti inú páálí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó gé e, kí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí ó fi ṣe ohun tí kò sí nínú páálí kankan. Àwọn tó kan àwọn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké tí wọ́n fi ya fíìmù Star Wars ti ọdún 1977 lo ọgbọ́n yìí púpọ̀. Wọ́n tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páálí ọkọ̀, wọ́n sì lẹ ẹ̀yà wọn mọ́ ara iṣẹ́ wọn kí ojú òǹwòran lè gbà pé ẹ̀rọ gidi ni. Ayé yìn wọ́n fún un. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Èkó ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn, ní ìwọ̀n tó tóbi ju tiwọn lọ.

Ọwọ́ Yorùbá àti ohun kékeré

Kí ọ̀rọ̀ tó kan àwọn oníṣẹ́ Èkó, ó yẹ kí a rántí pé ohun kékeré kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ajagun lórí ẹṣin àti ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n láti ayébáyé. Ìwọ̀n tirẹ̀ ló yàtọ̀. Orí àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 7 gbogbo gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n lára ère Yorùbá, orí a máa tó ìdá kan nínú 4. Agbẹ́gilére kò ṣàṣìṣe. Orí ni ibùjókòó àyànmọ́, ohun tó sì ṣe pàtàkì jù ló gbọ́dọ̀ tóbi jù. Ìwọ̀n ìtumọ̀ ni ó lò, kì í ṣe ìwọ̀n rúlà.

Nígbà ìjọba amúnisìn, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan lọ́nà mìíràn. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ àwọn aláṣẹ òyìnbó àti àwọn agbẹjọ́rò pẹ̀lú fìlà, aṣọ àti ohun èlò wọn. Ní Ọ̀wọ̀, Justus Akeredolu bẹ̀rẹ̀ ọnà ẹ̀gún ní nǹkan bí ọdún 1930. Ẹ̀gún ara igi àràbà wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún ọnà náà. Ó rọ̀ láti gbẹ́. Ẹ̀gún tí wọ́n ń lò ní oríṣiríṣi àwọ̀, láti èyí tó funfun díẹ̀ dé èyí tó pọ́n àti èyí tó rí bí ilẹ̀. Nítorí pé ẹ̀gún kan kéré, ẹ̀yà ni wọ́n ń gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀: ara láti inú ẹ̀gún kan, aṣọ láti inú ẹ̀gún aláwọ̀ mìíràn. Àgbà tó ń gúnyán, ọlọ́pẹ tó ń gun ọ̀pẹ, gbogbo rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kí páálí ike tó gbòde ní ayé ni ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ń to ẹ̀yà kéékèèké pọ̀ di ohun tí ojú mọ̀.

Nígbà tí mọ́tò sì di ohun tí ń kọjá lójú pópó, àwọn ọmọdé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Agolo sàdíìnì di bọ́dì ọkọ̀, agolo mílíìkì di táńkà elépo, sílípáàsì tó ti já di táyà, ìdérí ìgò di ẹsẹ̀ ọkọ̀, okùn tàbí igi gígùn sì di ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Mọ́tò agolo kò ní ìwọ̀n rúlà. Ìwọ̀n agbẹ́gilére ló jogún. Táyà rẹ̀ a máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé yíyí táyà ni gbogbo adùn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ìwọ̀n wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ìṣó lu ìdérí ìgò níbi tí kì í ṣe àárín, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa tiro. Èyí tí irin táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá dọ́gba, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa yà sínú gọ́tà. Ọmọ náà yóò tú u, yóò tún un lù. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ní Teshie, létí Accra ní orílẹ̀-èdè Ghana, oríṣi ìwọ̀n kẹta ni wọ́n ń lò. Níbẹ̀ ni Seth Kane Kwei, tó kú ní ọdún 1992, àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bíi Paa Joe ti ń kan pósí tó dà bí ohun tí olóògbé fẹ́ràn nígbà ayé rẹ̀. Mercedes-Benz sì wà lára àwọn tó lókìkí. Mercedes gidi gùn ju mítà mẹ́rin lọ, ẹni tí yóò sùn sínú pósí kì í sábà tó mítà méjì. Nítorí náà, òkú ló ń pinnu bí ọkọ̀ yóò ti gùn tó. Ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ náà, iná rẹ̀ àti àmì ìràwọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn kedere, nítorí pé àwọn tó wá sìnkú mọ ọkọ̀ náà dáadáa.

Kitbashing ní ìwọ̀n 1/1

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sí Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́rì tí ń wọ ilẹ̀ Yorùbá kì í pé tán kó tó dé. Ẹ́ńjìnnì, ṣásí àti táyà ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń kó wá. Ọwọ́ káfíńtà ilé ni ara ọkọ̀ wà. Lórí Bedford àti Austin ni wọ́n ti kan àwọn bọ́dì onígi tí aráyé sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Igi ilẹ̀ yìí ni wọ́n là, tí wọ́n fi ṣe ògiri, òrùlé àti àga gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé ara ọkọ̀ yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì, yóò kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú rẹ̀.

Mọ́lúè tẹ̀ lé bọ́lẹ̀kájà. Ṣásí lọ́rì Mercedes-Benz 911 láti Jámánì ni ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ru ẹrù, kì í ṣe láti ru ènìyàn. Àwọn wẹ́dà Èkó ló fi irin àti páànù kọ́ ilé ènìyàn lé e lórí, tí wọ́n sì to àga onírin sínú rẹ̀. Ẹ̀yà láti ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀yà láti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yà láti ara ọkọ̀ mìíràn tó ti kú: ohun tí wọ́n fi dá àwọn tó kan ọkọ̀ Star Wars lọ́lá ni èyí, àfi pé èrò tó kún bámú ló ń gun ti Èkó lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin sí i. Lọ́rì ni mọ́lúè jẹ́ nísàlẹ̀, ẹni tó sì dúró nínú rẹ̀ láti Ọ̀ṣọ́dì dé Erékùṣù mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Etí irin rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ aṣọ, ìjàǹbá rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kàn án wọn nǹkan. Wọ́n mọ ibi tí ṣásí lè gba ìwúwo dé, ibi tí ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà kí kọ̀ńdọ́ tó lè so mọ́ ọn, àti bí òrùlé ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Orí wọn àti apá wọn ni ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀gá fi han ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá. Ọgbọ́n náà kò dórí pépà tí ẹlòmíràn lè tú wò.

Irú ọgbọ́n yìí kò tíì tán nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2014, ìròyìn kàn káàkiri ayé nípa Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó mú Ìjàpá àtijọ́ kan, tó gbé páńẹ́ẹ̀lì oòrùn lé òrùlé rẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè máa rìn láìlo epo. Ó ní láti fún àwọn ohun tó gbé ara ọkọ̀ dúró lágbára sí i, nítorí pé bátìrì wúwo. Bí ó ti wù kí èrò ènìyàn dára tó, ìwọ̀n ni yóò kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Àpótí ọdún 1975

Ní ọdún 1975, irú àpótí mìíràn dé. Ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní Kàdúná, ti Volkswagen sì ṣí ní Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ni èyí tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń pè ní CKD: wọ́n á kó gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ jọ ní òkè òkun láìtò wọ́n pọ̀, wọ́n á dì wọ́n sínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà á sì tò wọ́n pọ̀. Páálí ọkọ̀ kékeré gan-an ni, àfi pé ìwọ̀n rẹ̀ tóbi.

Lára ohun tó jáde ní Èkó ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Igala. Orúkọ ọmọ Nàìjíríà ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n ní Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Brasília. Bí ènìyàn bá gbé ìwọ̀n lé Igala, láti àárín táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, mílímítà 2,400 ni yóò tún bá. Ìjàpá, dáńfó àti Igala: ọkọ̀ mẹ́ta tí Èkó mọ̀ bí ẹni mọ owó, ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti mú ìwọ̀n náà ní ọdún 1930 ó lé, lábẹ́ ọwọ́ Ferdinand Porsche. Àwọn ará Bùràsíìlì gba ìwọ̀n náà, wọ́n sì ya bọ́dì tiwọn lé e lórí. Èkó gba bọ́dì àti ìwọ̀n, ó fi orúkọ kún un.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tó ń to ọkọ̀ láti inú àpótí ń tẹ̀ lé ìwọ̀n tí ẹlòmíràn ti mú. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àpótí kò bá dé mọ́, iṣẹ́ parí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ọdún 1980 ó lé, tí náírà sì pàdánù iyì rẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, iye owó ẹ̀yà tó wà nínú àpótí fò sókè. Kí ọdún 1990 ó lé tó jìnnà, ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ìjọba tún gbìyànjú ní ọdún 2013, pẹ̀lú ètò ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Wọ́n gbé owó ibodè ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tó ti pé tán, pẹ̀lú àfikún ìdá 35 lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀yà CKD kò ní san nǹkan kan. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀. Nígbà tó di ọdún 2020, òfin ìnáwó tuntun gé àfikún náà kù sí ìdá 5, àwọn tó ti ra ẹ̀rọ sílẹ̀ sì figbe ta. Ohun tí ìjọba fi owó ibodè gbé dúró, ìjọba náà lè mú ọwọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ọkọ̀ kékeré ṣe

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ láti ìpìlẹ̀, ọkọ̀ kékeré ló ń ṣáájú ọkọ̀ ńlá. Ní ọdún 1927, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka ìyàwòrán ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Harley Earl. Òun ló sọ lílo amọ̀ di àṣà níbẹ̀: wọ́n á fi amọ̀ mọ ọkọ̀ ní ìwọ̀n kékeré, wọ́n á wò ó, wọ́n á fá a, wọ́n á tún un mọ, kí wọ́n tó mọ ọ́n ní ìwọ̀n gidi. Títí di òní, pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà, amọ̀ kò tíì kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀.

Láti wá ọwọ́ tí yóò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka Fisher Body ti ilé iṣẹ́ náà dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ní ọdún 1930. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwòṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ayé Napoleon ni wọ́n ní kí wọ́n kàn, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kan ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rò, ní ìwọ̀n 1/12. Owó ẹ̀kọ́ yunifásítì ni ẹ̀bùn. Ìdíje náà lọ títí di ọdún 1968. Ọmọ kan tó gba ẹ̀bùn ní ọdún 1947, Chuck Jordan, ló padà di olórí gbogbo ìyàwòrán ọkọ̀ ní General Motors ní ọdún 1986.

Ní Shizuoka, ní Japan, ilé iṣẹ́ Tamiya bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ pákó ní ọdún 1946, kó tó bọ́ sí orí ike ní ọdún 1960. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe páálí Porsche 934 ní ìwọ̀n 1/12, èyí tó jáde ní ọdún 1976, àwòrán kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Shunsaku Tamiya ra Porsche 911 gidi kan, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Owó ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi kọ́ ọgbọ́n ọkọ̀ kékeré. Ohun tí wọ́n ṣe yìí jẹ́ òdìkejì CKD: CKD a máa kó ẹ̀yà ọkọ̀ ẹlòmíràn fún ni láti tò, àwọn wọ̀nyí tú ọkọ̀ ẹlòmíràn kí àwọn lè mọ̀ ọ́n.

Nàìjíríà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Jelani Aliyu, tí wọ́n bí ní ọdún 1966 tó sì dàgbà ní Sókótó, ti ń ya àwòrán ọkọ̀ tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ kékeré láti ìgbà èwe. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní Birnin Kebbi, ìjọba ìpínlẹ̀ Sókótó rán an lọ sí Detroit, ó sì wọ General Motors ní ọdún 1994. Òun ló ṣáájú nínú yíya ara ọkọ̀ Chevrolet Volt tí wọ́n fi han ayé ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe olórí àjọ tó ń bójú tó ìdàgbàsókè ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ tó ń kan ọkọ̀ kékeré ní Sókótó ní láti dé Detroit kó tó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ńlá.

Mọ́lúè tí kò ní àwòrán

Àwọn kan yóò sọ pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí. Iná mànàmáná, irin àti owó ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nílò, kì í ṣe ohun ìṣeré. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí iye ọkọ̀ kékeré tó lè dípò iná tí kì í kú. Ṣùgbọ́n bí iná bá dé tán, ta ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ tó lè wo ọkọ̀ kan, kó sọ ìdí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi wà níbi tó wà, kó sì mọ ibi tó yẹ kó sún un sí? Ẹni bẹ́ẹ̀ kì í hù lóru ọjọ́ kan.

Ìtàn ìgboro pàápàá ń fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 2017, gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Ambode, kéde pé dáńfó yóò kúrò lójú pópó. Dáńfó ṣì wà, ṣùgbọ́n mọ́lúè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pátápátá. Orin àti fọ́tò mọ́lúè kò wọ́n. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í sọ bí àga ti jìnnà sí àga, bí ẹsẹ̀ àkàbà ti ga tó láti ilẹ̀, tàbí ibi tí wẹ́dà ti so bọ́dì mọ́ ṣásí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kan mọ́lúè ní ìwọ̀n 1/24 lónìí, tó sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, yóò wá ṣásí lọ́rì Jámánì láti inú páálí kan, táyà láti inú òmíràn, yóò sì fi ike pẹlẹbẹ gé bọ́dì fúnra rẹ̀. Yóò wá àwọn àgbà wẹ́dà lọ, yóò bi wọ́n léèrè. Yóò wá ọ̀kan tó ti dípẹtà sí ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì, yóò sì gbé rúlà lé e. Níkẹyìn, yóò kun ọ̀dà ìyeyè pẹ̀lú ilà dúdú méjì, kó tó wá fi ìpẹtà, ẹ̀jẹ́ epo àti ojú ibi tí ọkọ̀ mìíràn ti fi ara gbún un kún un, nítorí pé mọ́lúè tó ń dán gbinrin kò jẹ́ òótọ́. Nígbà tó bá fi parí, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kúrò ní ohun ìṣeré. Ìwé ìtàn ni, tí a lè wọ̀n.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní kí ènìyàn ní owó òkè òkun. Páálí ìsù ohun èlò, abẹ, gọ́ọ̀mù, rúlà àti agolo tó fún ọmọdé àná ní mọ́tò rẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú mọ́tò agolo nígbà náà ni ìwọ̀n rúlà. Òun nìkan ló kù láti fi kún un. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbẹ̀jú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wọn dáńfó kan ní gáréèjì, kí wọ́n sì kàn án ní ìwọ̀n 1/24. Ìṣirò, ìyàwòrán àti ìtàn ni wọ́n yóò kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí dáńfó náà bá sì jẹ́ Volkswagen ìran àkọ́kọ́ tàbí ìran kejì, wọ́n yóò bá mílímítà 2,400 pàdé fúnra wọn.

Ní ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tírélà ń tò lọ, kọ̀ńténà lórí wọn. Bí ẹ̀yà ọkọ̀ bá wà nínú wọn lọ́la, ìbéèrè tí ọdún 1975 kò dáhùn ṣì ń dúró: ta ló mú ìwọ̀n ohun tó wà nínú àpótí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé òkè òkun ni títí láé, Lẹ́kkí yóò jẹ́ ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ẹlẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú èbúté tó jìn jù. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà tó ti tú ọkọ̀ kan wò, tó wọ̀n ọ́n, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan kékeré rẹ̀ láìsí àṣìṣe, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò máa to ìwọ̀n tirẹ̀.